Ọjọ́ Méjì ní Àjàṣẹ́: Bí Ẹ Ṣe Lè Wo Ààfin, Ọgbà àti Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Láìsáré

Lọ́dún kan, àbúrò ìyá mi wá láti Ìbàdàn, òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́ta. Wọ́n ní ọjọ́ kan péré làwọn ní, kí n fi gbogbo Àjàṣẹ́ han àwọn. Mo gbà. Aago mẹ́jọ àárọ̀ la bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó fi máa di aago méjì ọ̀sán, a ti wọ ilé mẹ́rin, fọ́tò tí a yà ti lé ní igba, èyí tó kéré jù nínú àwọn ọmọ náà sì ti sùn lọ sí èjìká mi. Lálẹ́, mo bi àgbà wọn pé kí ló rí. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, mo rí àga ọba." Àga ọba wo? Kò mọ̀.

Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá fẹ́ kí n mú òun rin Àjàṣẹ́, ọjọ́ méjì ni mo máa ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ibi méjì tàbí mẹ́ta lójúmọ́, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ètò tí mò ń tẹ̀ lé nìyí. Ìlú yìí, tó wà ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, ní orúkọ mẹ́ta. Àwa Nàgó, ọmọ Yorùbá ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ń pè é ní Àjàṣẹ́, àwọn Ègùn ń pè é ní Họ̀gbónù, àwọn Potogí ló sọ ọ́ ní Porto-Novo. Orúkọ kọ̀ọ̀kan ní àdúgbò tirẹ̀ àti ilé tirẹ̀. Tí ẹ bá to ìrìn yín bí àwọn tó ni orúkọ wọ̀nyí ṣe dé tẹ̀ léra, ohun tí ẹ rí níbi kan yóò máa là yín lójú sí ibi tó kàn. Tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó sún mọ́ hòtẹ́ẹ̀lì yín jù, àga ọba lẹ máa rí.

Kí ẹ tó gbéra

Ẹni tó ń bọ̀ láti ìhà Èkó lè gba Sẹ̀mẹ̀. Ẹni tó ń bọ̀ láti ìhà Ìlaròó lè gba Ìdìròkò já sí Ìgòlò, kó sì ti ibẹ̀ wọ Àjàṣẹ́ láìfẹsẹ̀ kan Kùtọnu. Ti Ìgòlò ló wù mí jù, nítorí èrò ibẹ̀ kì í pọ̀ tó ti Sẹ̀mẹ̀. Ọmọ orílẹ̀-èdè ECOWAS kò nílò físà tí kò bá ní lò ju 90 ọjọ́ lọ, ṣùgbọ́n ẹ mú ìwé ìrìnnà yín dání. "Ọmọ Yorùbá kan náà ni gbogbo wa" jẹ́ òtítọ́ ọ̀rọ̀, àmọ́ wọn kì í lu òǹtẹ̀ sí i ní bọ́dà.

Ẹ ṣẹ́ owó yín sí sẹ́fà, kí púpọ̀ nínú rẹ̀ sì jẹ́ owó kéékèèké, 500 àti 1,000. Ẹni tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì kì í sábà ní ṣéńjì, ọlọ́kadà, tí a ń pè ní zẹ́mì níbí, kò sì ní fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ní. Ẹ bá zẹ́mì dúnàádúrà kí ẹ tó gun ọ̀kadà rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe láìgbàgbé ni kí ẹ béèrè, bí ó bá ku ọjọ́ kan sí méjì, bóyá ibi tí ẹ ń lọ ṣí. Àwọn ilé yìí ti gbó, wọ́n a máa tì wọ́n pa nígbà míì láti tún wọn ṣe. Mo ti rí ẹni tó wá láti Abẹ́òkúta tó jẹ́ pé ìta ògiri ló fọwọ́ kàn. Tí ẹ bá ní ojúlùmọ̀ ní ìlú, ẹ rán an kó lọ wò ó. Ẹ tún ní kó bá yín béèrè bóyá Orò yóò jáde ní ọjọ́ náà. A ń ṣe Orò ní agbègbè wa yìí, obìnrin kì í rí i, ìyẹn kò sì yọ àlejò sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ èdè ńkọ́? Faransé ni afinimọ̀nà yóò fi kí yín, tàbí òyìnbó tó fi ahọ́n wá, tó bá ti gbọ́ pé Nàìjíríà lẹ ti wá. Ẹ má dáhùn ní òyìnbó. Ẹ ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ilé." Ọ̀pọ̀ wọn ló gbọ́ Yorùbá dáadáa, tó jẹ́ pé ìyá wọn ni Nàgó. Mo ti gbọ́ ìtàn kan náà lẹ́nu ọkùnrin kan náà lẹ́ẹ̀mejì: ní Faransé, ó sọ ọ́ bí ọmọ iléèwé tó ń ka àkọ́sórí, ní Yorùbá, ó jókòó, ó na ẹsẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pa òwe.

Àárọ̀ ọjọ́ kìíní: Àkọ̀rọ̀, níbi tí Abẹsàn-án wà

Ẹ má kọ́kọ́ lọ sí músíọ̀mù kankan. Ẹ ní kí zẹ́mì gbé yín lọ sí àdúgbò Àkọ̀rọ̀, tí pátákó ojú títì kọ ní Accron. Ojúbọ kan wà níbẹ̀ tí gbogbo ìlú mọ̀ sí Abẹsàn-án. Àwọn tó ń kọ Faransé á kọ ọ́ ní Avessan. Ẹ rọra pe orúkọ náà lẹ́nu ara yín, ẹ ó gbọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀: A-bi-orí-mẹ́sàn-án. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé ọdẹ mẹ́ta, ọmọ Yorùbá, ń ṣọdẹ kiri ibí nígbà tó ṣì jẹ́ igbó. Wọ́n rí ẹbọra olórí mẹ́sàn-án tó yọ láti inú òkìtì ikán kan. Wọn ò sá. Wọ́n fi ibẹ̀ ṣe ojúbọ, wọ́n sì dó tì í. Ibẹ̀ ni ìlú ti bẹ̀rẹ̀.

Ojúbọ náà kò tóbi. Àlejò á dé, á wò ó fún ìṣẹ́jú méjì, á ní "ṣé òun náà nìyí?" Òun náà ni. Iṣẹ́ yín níbẹ̀ ni kí ẹ wá àgbàlagbà kan tó jókòó sí ìtòsí, kí ẹ kí i, kí ẹ sì bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo: kí ló dé tí a fi ń pe ìlú yìí ní Àjàṣẹ́? Àwọn kan á ní àwọn Àjà ló ṣẹ́gun ibẹ̀, pé ìyẹn ló bí orúkọ náà. Àwọn míì á bínú sí àlàyé yẹn. Tí ẹ bá ríre, ẹni méjì á wà níbẹ̀, wọn á sì máa bá ara wọn jiyàn. Ẹ jókòó, ẹ gbọ́. Wákàtí kan níbẹ̀ kò pọ̀ jù.

Ọ̀rọ̀ fọ́tò ńkọ́? Níbí ni mo ti kọ́gbọ́n. Mo yọ fóònù, mo ya ojú ibi tí kò yẹ kí n yà, n kò bi ẹnikẹ́ni. Bàbá kan pè mí. Kò pariwo, ọwọ́ lásán ló nà sí mi, mo sì gbé fóònù náà lé e. Ó tún dá a padà fún mi, ó ní kí n fúnra mi pa á rẹ́ lójú òun. Mo pa á rẹ́. Ó wá bi mí pé ọmọ ta ni mí. Mo sọ orúkọ bàbá mi àgbà. Ojú ẹ̀ yí padà, ó fà mí lọ́wọ́ jókòó, ohun tó sọ fún mi lọ́jọ́ náà kò sí nínú fọ́tò kankan. Nítorí náà: ẹ kí wọn, ẹ béèrè, kí ẹ tó ya fọ́tò. Tí wọ́n bá sì ní kí ẹ fi nǹkan sílẹ̀ fún ojúbọ, ẹ béèrè iye rẹ̀ kó tó di pé ẹ yọ fóònù.

Ní ọ̀nà yín láti Àkọ̀rọ̀ sí ààfin, ẹ fẹsẹ̀ rìn, ẹ má gun ọ̀kadà. Ẹ ó máa já sí àwọn gbàgede kéékèèké láàárín ilé, tí igi ńlá àti ojúbọ wà ní àárín wọn. Àwọn ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọnà ti tún díẹ̀ nínú wọn ṣe, wọ́n ya àwòrán sára ògiri. Ọ̀kan nínú wọn ń jẹ́ Lokossa, ìyẹn "abẹ́ ìrókò" lédè Ègùn. Ẹni tó bá ti gbọ́ èyí ti ń wọ ìlú kejì nìyẹn.

Kó tó kanrí: Honmè, ààfin Họ̀gbónù

Họ̀gbónù, ẹnu ọ̀nà ilé ńlá, ni àwọn Ègùn ń pe ìlú tí Te-Agbanlin tẹ̀ dó nígbà tó ti Àlàdá wá ní ìparí ọ̀rúndún 17. Honmè ni ààfin àwọn ọmọ rẹ̀. Ó ti di músíọ̀mù báyìí. Òun àti àwọn àdúgbò àtijọ́ ìlú náà sì wà lórí àkọsílẹ̀ tí Bẹ̀nẹ̀ fi ránṣẹ́ sí UNESCO ní 1996, pé kí wọ́n wò wọ́n fún ipò ogún àgbáyé.

Má retí wúrà. Ilé alámọ̀ ni, àgbàlá tó já sí àgbàlá, ògiri pupa, yàrá tí ojú ọ̀nà rẹ̀ rẹlẹ̀. Ẹni tó bá ga á forí gbá a lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà á kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹríba wọlé ọba. Ẹ gba afinimọ̀nà níbẹ̀ o, kódà bí ẹ bá ti ka ìtàn náà tán nílé. Láìsí ẹni tó ń ṣàlàyé, yàrá kan kò yàtọ̀ sí èkejì. Ẹ ní kó fi ibi tí àwọn olorì ń gbé hàn yín, ibi tí ọba ti ń dájọ́, àti ibi tí àlejò kì í kọjá. Ilé ọba Yorùbá tí ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni kí ẹ máa fi wọ̀n ọ́n. Ohun tó jọra pọ̀, ibi tí wọn ò ti jọra ló sì dùn jù.

Ẹni tí ẹ ó gbọ́ orúkọ rẹ̀ jù ni Ọba Toffa, tó jọba láti 1874 títí di 1908. Kí ẹ lè gbádùn ìtàn rẹ̀, ẹ mú ọdún mélòó kan sọ́kàn. Ní 1861, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu ìlú yìí. Ní 1863, Ọba Sodji fọwọ́ sí àdéhùn ààbò pẹ̀lú Faransé. Toffa tún dì mọ́ Faransé gbágbáágbá nígbà tirẹ̀. Ní 1886, ọmọ ogun Dàhòmì fọ́ Kétu. Ní 1889, wọ́n ya bo ìgbèríko Àjàṣẹ́. Nígbà tí Faransé wá bá Béhanzin, ọba Dàhòmì, jagun, ẹ̀yìn Faransé ni Toffa wà. Wọ́n ṣẹ́gun Béhanzin, Àjàṣẹ́ di olú-ìlú àwọn amúnisìn. Nígbà tí Toffa kú, Faransé kò jẹ́ kí ẹni tó jẹ lẹ́yìn rẹ̀ jọba mọ́. Olóyè àgbà lásán ni wọ́n sọ ọ́ dà.

Ẹ wá bi afinimọ̀nà yín pé: ọ̀dàlẹ̀ ni Toffa àbí ọlọ́gbọ́n? Mo ti bi mẹ́rin. Mẹ́ta gbè é lẹ́yìn, wọ́n ní òun ló jẹ́ kí ìlú yìí wà títí dòní. Ẹnì kẹrin, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ìyá rẹ̀ wá láti Abomey, olú-ìlú Dàhòmì àtijọ́, wojú ilẹ̀, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká kọjá sí yàrá tó kàn."

Ọ̀sán ọjọ́ kìíní: ọgbà

Láàárín aago méjìlá sí aago mẹ́ta, oòrùn Àjàṣẹ́ kò ṣeé bá ṣeré. Ẹ ra ẹ̀kọ àti àkàrà, tàbí àtàsì, ìrẹsì tí wọ́n fi ẹ̀wà sè pọ̀, ẹ ra omi, kí ẹ sì lọ sí Jardin des Plantes et de la Nature. Igbó ọ̀wọ̀ ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, ti Mìgán, ìjòyè ńlá tó sún mọ́ ọba. Nígbà tí Faransé dé, wọ́n gbà á, wọ́n sọ ọ́ di ọgbà tí wọ́n ti ń dán irúgbìn ilẹ̀ òkèèrè wò. Nítorí náà oríṣi igi méjì ni ẹ ó rí: àwọn tó ti wà níbẹ̀ kí òyìnbó tó dé, àti àwọn tí òyìnbó gbìn. Tí ẹ bá ní ọmọ pẹ̀lú yín, eré tí mo máa ń fún wọn ṣe nìyí: kí wọ́n lọ wá igi márùn-ún tí ìyá wọn àgbà lè dárúkọ ní Yorùbá, kí wọ́n sì mú ewé kọ̀ọ̀kan tó ti já bọ́ sílẹ̀ wá. Wọn kì í já ewé lára igi o. Àwọn kan nínú àwọn igi yẹn ṣì ní ẹni tó ń bọ wọ́n.

Ẹ sinmi níbẹ̀. Tí oorun bá gbé yín, ẹ sùn. Ọjọ́ kìíní parí nìyẹn. Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ní ilẹ̀ ò tíì ṣú, ká lọ wo òmíràn. Ẹ rántí ọmọ tó sùn sí èjìká mi.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì: Porto-Novo, ìlú àwọn Àgùdà

Ní 1752 ni Eucaristo de Campos, oníṣòwò ará Potogí, fún èbúté yìí lórúkọ Porto-Novo. Ẹrú ni wọ́n ń kó láti ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ Yorùbá, Bùràsíìlì sì ni wọ́n kó púpọ̀ wọn lọ. Àwọn ọmọ wọn, àti díẹ̀ nínú àwọn tí wọ́n kó lọ gan-an, tún padà wá. Àwọn là ń pè ní Àgùdà.

Ẹni tó ti Èkó wá, tó mọ Pópó Àgùdà, á kàn máa mi orí nínú àdúgbò yìí: òpó, òdòdó tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì ṣe, fèrèsé tó ga. Ibi tí ìyàlẹ́nu ti máa bá a ni Mọ́sálásí Ńlá, nítòsí ọjà àtijọ́. Ẹ dúró ní òdìkejì títì, ẹ wò ó kí ẹnikẹ́ni tó sọ ohun tó jẹ́ fún yín. Ṣọ́ọ̀ṣì lẹ máa pè é: ilé ìṣọ́ méjì níwájú, ọ̀ṣọ́ lókè, oríṣiríṣi ọ̀dà. Bíríkìlà tó kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn Àgùdà ló kọ́ ọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 20, bí wọ́n sì ṣe ń kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ní Bahia ni wọ́n ṣe kọ́ ọ. Ní Nàìjíríà, Àgùdà ti di orúkọ ìjọ Kátólíìkì. Níbí, Àgùdà tó jẹ́ Mùsùlùmí pọ̀ bí iyanrìn. Ẹ rántí pé àwọn Mùsùlùmí Yorùbá wà lára àwọn tó ṣe ọ̀tẹ̀ ní Bahia ní 1835, tí wọ́n fi lé ọ̀pọ̀ ènìyàn padà sí etíkun wa. Ẹ má wọlé láìgba àṣẹ, ẹ má sì lọ ní àsìkò Jímọ̀ tí kì í bá ṣe ìrun ni ẹ wá kí.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá wọ Musée da Silva. Ilé Àgùdà gidi ni, wọ́n kọ́ ọ ní nǹkan bí 1870. Ohun tó wà níbẹ̀ jẹ́ ti ìgbésí ayé ilé: àga, fọ́tò ẹbí, ohun èlò àwọn tó padà dé. Ibẹ̀ ló rọrùn jù fún àgbàlagbà, nítorí gbogbo ohun tí wọ́n bá rí ló máa rán wọn létí nǹkan. Ẹ fún wọn láyè. Màmá kan tí mo mú lọ dúró níwájú àga onírattan kan fún ìdajì wákàtí, ó ń sọ ti bàbá rẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì: Músíọ̀mù Adandé

Mo fi èyí sí ìparí nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ohun tí ẹ ti rí ti pàdé ara wọn. Orúkọ Alexandre Sènou Adandé, onímọ̀ nípa àṣà, ni wọ́n fi sọ ọ́. Ìlù wà níbẹ̀, igbá fínfín wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ère tí wọ́n ń gbé sórí jó, ni kí ẹ fi àsìkò yín wò.

Ẹ yan ẹyọ kan, kí ẹ sún mọ́ ọn dé ibi tí wọ́n bá gbà yín láyè. Ojú tó wà nísàlẹ̀ kì í rẹ́rìn-ín, kì í bínú. Ó tutù, bí ojú obìnrin tó ti mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Gbogbo ariwo wà lórí rẹ̀: ejò tó ń gbé ẹyẹ mì, ẹni tó ń ran aṣọ, ẹni tó gun kẹ̀kẹ́. Ẹ wá wo bèbè rẹ̀ nísàlẹ̀. Ihò wẹ́wẹ́ wà níbẹ̀ yíká, ibẹ̀ ni wọ́n ń so aṣọ mọ́, torí wọn kì í dé Gẹ̀lẹ̀dẹ́ sójú, orí ni wọ́n ń gbé e lé. Ẹ wo ibi tí ọ̀dà ti bó: ọ̀dà míì wà lábẹ́ rẹ̀, òmíràn tún wà lábẹ́ ìyẹn. Wọ́n ń tún un kùn kó tó tún jáde ni. Iye ìgbà tó ti jó ni ẹ ń wò yẹn.

A máa ń sọ pé ojú tó ti rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti dópin ìran. Èyí tó wà nínú gíláàsì kò lẹ́sẹ̀, kò ní ìlù, kò ní aro, irin tó ń dún, lẹ́sẹ̀, kò sì sí Ẹ̀fẹ̀ tó kọrin bú ọ̀lẹ lóru tó ṣáájú rẹ̀. UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní 2001, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé ní 2008 fún Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò. Ijó náà gan-an ni wọ́n kéde. Nítorí náà, ẹ bi òṣìṣẹ́ ibẹ̀ pé níbo ni wọn ó ti jó láìpẹ́. Wọ́n sábà máa ń mọ̀.

Tí agbára bá kù, Wàǹdó kò jìnnà. Ibẹ̀ ni Centre Songhaï wà, oko tí àlùfáà Godfrey Nzamujo dá sílẹ̀ ní 1985. Kì í ṣe músíọ̀mù, ṣùgbọ́n wọ́n ń mú àlejò yí ká: ẹja, adìyẹ, ìgbẹ́ ẹran tí wọ́n sọ di gáàsì ìdáná. Ọmọ tí àga ọba ti sú á jí padà níbẹ̀. Tó bá sì bọ́ sí ọjọ́ ọjà Àjarà, tí wọ́n ń ná ní ọrọọrún, ibẹ̀ ni kí ẹ lọ ra ìlù àti ìkòkò.

Tí ẹ bá ní ọjọ́ kẹta

Ẹ lọ sí Kétu. Ọkọ̀ á gba Sákété àti Pọbẹ̀. Ọ̀nà náà jìn, ẹ tètè kúrò nílé. Ibi tí ẹ ń lọ ni Àkàbà Ìdènà, ẹnu ibodè àtijọ́ ìlú náà. Àwọn ará Kétu á sọ fún yín bí orúkọ ìlú wọn ṣe jẹ mọ́ abuké: pé kò sẹ́ni tó lè tú iké, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó lè fọ́ ìlú. Wọ́n fọ́ ọ ní 1886. Nígbà tí Faransé ṣẹ́gun Abomey tán, àwọn tó kù padà wá tún un tẹ̀ dó.

Ẹ kí àwọn tó ń ṣọ́ ibẹ̀, ẹ gbàṣẹ, kí ẹ wọ inú rẹ̀. Ẹ má kàn kọjá. Ẹ dúró ní àárín, láàárín ẹnu ọ̀nà òde àti ti inú, kí ẹ fọwọ́ kan ògiri, kí ẹ wo yàrà tí wọ́n gbẹ́ yí ìlú ká. Ibẹ̀ ni mo ti máa ń bi àwọn tí mo mú dání ní ìbéèrè Toffa lẹ́ẹ̀kejì. Ìdáhùn ọ̀pọ̀ wọn a máa yàtọ̀ sí ti ọjọ́ kìíní. Kí ẹ sì ti bá awakọ̀ sọ̀rọ̀ sílẹ̀ láti àárọ̀, torí ọkọ̀ tó ń padà sí Pọbẹ̀ a máa ṣọ̀wọ́n tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú.